Àga Mẹ́ta Èkó

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923, Èkó dìbò. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń wá tí yóò ṣojú ìlú náà nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tuntun tí Gómìnà Hugh Clifford gbé kalẹ̀. Kàlàbá ní àga kan tirẹ̀. Títí di ọdún náà, Gómìnà fúnra rẹ̀ ló ń mú aláwọ̀ dúdú tó bá wù ú wọ ilé aṣòfin ní gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èkó àti Kàlàbá ló kọ́kọ́ fi ìbò yan tiwọn. Ilẹ̀ Sàró tẹ̀ lé wọn ní 1924, Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí sì gba òfin tirẹ̀ ní 1925.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn àga mẹ́ta yìí dáadáa, kó má wulẹ̀ ka orúkọ àwọn tó wọlé kó sì pa ìwé dé. Kó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ọjọ́ ìbò tó pé: ta ni ẹgbẹ́ máa fà kalẹ̀, ta ló láṣẹ láti fà á kalẹ̀, kí sì ni ẹni tí wọ́n yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni Èkó ti jà jù. Ìjà náà sì ju Èkó lọ nígbà tó yá, ó di ti gbogbo Nàìjíríà.

Àwọn tó dìbò ní 1923 kò pọ̀. Ìkànìyàn ọdún 1921 sọ pé àwọn ará Èkó ti ń lọ sí 100,000, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 4,000 péré ni orúkọ wọn wọ ìwé olùdìbò. Òfin ní kí olùdìbò jẹ́ ọkùnrin, kó ti pé ọmọ ọdún 21, kó ti gbé ìlú náà fún oṣù 12, kí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún sì tó £100. Ní ayé ìgbà náà, owó ńlá ni £100. Agbẹjọ́rò lè ní in, dókítà lè ní in, oníṣòwò tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Marina tàbí Broad Street lè ní in. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìjọba kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Ká má tiẹ̀ sọ ti apẹja, káfíńtà, tàbí àwọn tó ń gbé ẹrù ní èbúté. Obìnrin kò sí níbẹ̀ rárá, bó ti wù kó lówó tó.

Àwọn àga yìí pàápàá, ojú rere kọ́ ni wọ́n fi rí wọn gbà. Ní 1920, àwọn ọ̀mọ̀wé àti oníṣòwò láti ìlú mẹ́rin tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pàdé ní Accra, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì rán aṣojú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yan aṣòfin fúnra àwọn. Inú bí Clifford. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó dìde níwájú ìgbìmọ̀ rẹ̀, ó sì fi àwọn tó béèrè náà ṣe yẹ̀yẹ́, pé wọn kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń pe ara wọn ní aṣojú rẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí Clifford kan náà fi kọ òfin ọdún 1922 tó gba ìdìbò láyè. Ẹni 46 ló máa wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ẹni mẹ́rin péré ni ìbò máa gbé wọlé. Àwọn òyìnbó ìjọba ló pọ̀ jù, nítorí náà kò sí ohun tí àwọn mẹ́rin náà lè fi ìbò wọn dá dúró nínú ilé. Agbára ohùn nìkan ni wọ́n ní. Ìlú tó ti ní ìwé ìròyìn bí Èkó sì mọ bí wọ́n ṣe ń lo ohùn.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí èyí ni Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlú ní Plymouth, ó padà wálé, ó di awọnlẹ̀ fún ìjọba, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1898. Láti ìgbà náà ló ti ń bá ìjọba fà á. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó omi lọ́wọ́ àwọn ará Èkó, ó wà lẹ́yìn àwọn tó kọ̀. Nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ Àpápá mọ́ Olóyè Olúwa lọ́wọ́, ó bá a dé Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹjọ́ náà, ó mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ lọ́wọ́. Ní 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù dá Olúwa láre. £22,500 ni ìjọba san níkẹyìn. Kò sí ìwé ìkéde tó lè ṣe fún olóṣèlú kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ohun tí ẹjọ́ yìí ṣe fún Macaulay.

Ní 1923, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Nigerian National Democratic Party sílẹ̀, tí àwọn èèyàn gé kúrú sí Dẹ́mọ̀. (Ẹgbẹ́ Akíntọ́lá tó jẹ́ orúkọ kan náà ní 1964 kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀.) Agbẹjọ́rò Joseph Egerton Shyngle ni ààrẹ. Ẹgbẹ́ náà fa ẹni mẹ́ta kalẹ̀ fún Èkó: Egerton Shyngle fúnra rẹ̀, Agbẹjọ́rò Eric Ọláwolú Moore, àti Dókítà Crispin Curtis Adéníyì-Jones. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé.

Orúkọ Macaulay kò sí níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ti rán an lẹ́wọ̀n ní 1913 lórí ọ̀rọ̀ ogún kan tó ń bójú tó, òfin sì sọ pé ẹni tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n irú bẹ́ẹ̀ kò lè díje. Ní 1928, wọ́n tún rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, tẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kọ̀. Ọkùnrin tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tó ń kọ ọ̀rọ̀ wọn, tó ń yan ẹni tí wọ́n ń fà kalẹ̀, kò jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà lọ́jọ́ kan rí títí ó fi kú. Ilé rẹ̀ tó sọ ní Kirsten Hall, ní òpópónà Balbina, ni wọ́n ti ń pinnu gbogbo rẹ̀. Àwọn aráàlú ń pè é ní Ejò-nígboro. Ìjọba rò pé àwọn ti dínà mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ́ Èkó pé ẹni tó ń fa olùdíje kalẹ̀ lè lágbára ju olùdíje lọ, ẹ̀kọ́ tí òṣèlú ìlú náà kò gbàgbé mọ́.

Agbára Macaulay kò sì sinmi lé àwọn 4,000 tó lè dìbò nìkan. Ó sinmi lé Ìga Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, lé àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ tó ni ilẹ̀, àti lé ọjà. Ní ọjà Eréko, Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà, tó ń ta ẹja, ni olórí. Òun ló wá darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Kò lè dìbò, kò sì sí ẹnìkan nínú àwọn obìnrin rẹ̀ tó lè dìbò, ṣùgbọ́n nígbà tí Dẹ́mọ̀ bá pe ìpàdé, àwọn ni wọ́n ń kún inú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi òfin dá iye owó oúnjẹ mọ́ nígbà ogun àgbáyé kejì, Pẹlẹwúrà ló kó wọn jáde. Ìtàn ìbò Èkó tí kò bá dárúkọ rẹ̀ kò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀, nítorí àwọn tí kò ní ìwé ìdìbò ló sọ Dẹ́mọ̀ di ẹgbẹ́ tí ìjọba ń bẹ̀rù.

Dẹ́mọ̀ tún gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 1928, ó gbà wọ́n ní 1933. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kọ̀ ló gba Èkó lọ́kàn. Ìjọba rọ Èṣùgbàyí lóyè ní 1925, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sọ pé Gómìnà kò lè kàn lé ènìyàn nílé kí ilé ẹjọ́ má sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ̀nà lábẹ́ òfin. Èṣùgbàyí padà sí Èkó lọ́dún náà. Ó wàjà ní 1932.

Ìṣẹ́gun yìí gan-an ló wá mú ọjọ́ ogbó bá Dẹ́mọ̀. Ohun tó ń jà fún ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Lójú àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé, ẹgbẹ́ ààfin ni, ẹgbẹ́ àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ wọn kò kọjá Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí ìjọba ṣí Yaba Higher College ní 1934, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì já mọ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akínsànyà dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ láti takò ó. Ní 1936, wọ́n yí orúkọ náà padà sí Nigerian Youth Movement. Nínú orúkọ tuntun yìí ni iṣẹ́ wọn wà: wọ́n fẹ́ ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, ní Jos, ní ibi gbogbo. Nnamdi Azikiwe dé láti Accra ní 1937, ó dá West African Pilot sílẹ̀, ó sì dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ yìí gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ Dẹ́mọ̀. Ọdún 15 ni Macaulay ti fi dì wọ́n mú. Lára àwọn tó wọlé ni Dókítà Kọ́fowórọlá Abáyọ̀mí.

Ọdún mẹ́ta péré ni ayọ̀ náà fi tọ́jọ́. Abáyọ̀mí fi àga rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbò láti fi dípò rẹ̀ sì bọ́ sí 1941. Ẹni méjì ló fẹ́ àga náà nínú ẹgbẹ́: Ikoli, ọmọ Ijaw láti Nembe, olótùú ìwé ìròyìn, àti Akínsànyà, ọmọ Ìṣarà Rẹ́mọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó ti ń darí àwọn awakọ̀ àti oníṣòwò irè oko. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ mú Ikoli. Àwọn tó wà lẹ́yìn Akínsànyà sọ pé òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́, pé wọ́n fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn nítorí pé Ìjẹ̀bú ni. Azikiwe gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì gbè é lẹ́yìn. Akínsànyà díje láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ikoli wọlé.

Ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀yà nìkan ló ń pín àwọn ọmọ Èkó níyà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kó fara balẹ̀ wo ọdún yìí. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ní Ìbàdàn, ṣe tọmọ Ijaw ó sì fi ọmọ Rẹ́mọ bíi tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí ó gbà pé ohun tí ẹgbẹ́ bá ti pinnu ni kí gbogbo èèyàn tẹ̀ lé. Azikiwe, ọmọ Ìgbò, ló ń jà fún Ìjẹ̀bú. Síbẹ̀, ẹ̀sùn ẹ̀yà ni wọ́n gbé síta, òun náà ló sì wà lẹ́nu àwọn èèyàn lẹ́yìn tí wọ́n ti gbàgbé bí ìpàdé náà ṣe lọ. Azikiwe fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbò bá a lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú náà sì kúrò. Akínsànyà fi òṣèlú Èkó sílẹ̀, ó di Odẹmọ Ìṣarà lọ́dún náà gan-an. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kò gbérí mọ́. Pilot àti Daily Service, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà, ń bú ara wọn lójoojúmọ́, àwọn òǹkàwé wọn sì kọ́ ìkórìíra náà.

Macaulay rí àǹfààní ìkẹyìn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1944, ní Glover Hall, àwọn ẹgbẹ́ oríṣiríṣi para pọ̀ dá NCNC sílẹ̀. Macaulay ni ààrẹ, Azikiwe ni akọ̀wé. Ọkùnrin tó ti lé ní ẹni 80 ọdún náà bá wọn rìnrìn àjò káàkiri orílẹ̀-èdè ní 1946 láti tako òfin tuntun tí Gómìnà Arthur Richards ń mú bọ̀. Àìsàn dá a dúró ní Kano. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún.

Òfin Richards sọ £100 tí olùdìbò gbọ́dọ̀ máa rí lọ́dún di £50, ṣùgbọ́n ó fi àga Èkó sílẹ̀ ní mẹ́ta. Ní 1947, Azikiwe, Dókítà Ìbíyínká Ọlọ́runnímbẹ́ àti Adélékè Adédoyin, ọmọ ọba láti Rẹ́mọ, ló gbà wọ́n fún NCNC. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lára àwọn tí ẹgbẹ́ rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún náà láti lọ tako òfin yìí, pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn pé kí wọ́n padà sílé kí wọ́n lọ lo òfin náà bó ṣe wà. Wọ́n padà sílé pẹ̀lú ìjà owó láàárín ara wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan sáré. Ní 1950, ìbò ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo àgbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, láìwo iye owó tó ń wọlé fún wọn. Ọlọ́runnímbẹ́ di olórí ìlú, Méyọ̀ àkọ́kọ́ tí Èkó ní. Pẹlẹwúrà rí ọjọ́ náà kó tó kú ní 1951.

Òfin tuntun tó tún dé ní 1951 ló gbé Èkó sọnù sínú Ìwọ̀-Oòrùn. Ìlú tó ti ń yan aṣojú tirẹ̀ láti 1923 di apá kan ilé aṣòfin Ìbàdàn, ó ní àga márùn-ún níbẹ̀. Méjì nínú àwọn márùn-ún ló máa lọ sí ilé aṣojú ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, àwọn ọmọ ilé aṣòfin Ìbàdàn lápapọ̀ ló sì máa mú wọn. Kí ènìyàn dúró wò ó dáadáa: aráàlú Èkó yan márùn-ún, àwọn aṣòfin láti Oǹdó, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Benin ló máa sọ àwọn méjì tó ṣojú Èkó. Kò sí ohun tí wọ́n lè kọ sínú òfin tó burú ju èyí lọ fún ìlú kan.

NCNC gba àga márààrún: Azikiwe, Adédoyin, Ọlọ́runnímbẹ́, T. O. S. Benson àti H. P. Adébọ́lá tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ ló pọ̀ jù ní Ìbàdàn. NCNC fẹ́ kí Azikiwe lọ sí ilé aṣojú, nítorí olórí wọn ni, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Kí ó tó lè rí bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí àwọn yòókù yọ̀ǹda fún un, kí Ọlọ́pẹ má baà rí ẹlòmíràn yàn. Adédoyin kọ̀. Ọlọ́runnímbẹ́ náà kọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1952, àwọn Ọlọ́pẹ fi ìbò wọn gbé àwọn méjèèjì lọ sí Èkó, wọ́n sì fi Azikiwe sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti máa ṣe olórí alátakò nínú ilé tí kò fẹ́ jókòó sí.

Bí àwọn aṣòfin kan ṣe bọ́ sínú ẹgbẹ́ míràn ní Ìbàdàn lóṣù yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rántí, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò sì tíì tán. Ti Èkó yìí ló darí ìtàn náà síbi tó lọ. Azikiwe kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó kọjá sí Ìlà-Oòrùn, ó sì di olórí ìjọba ibẹ̀ ní 1954. Ọmọ Ìgbò tí Èkó ti dìbò fún lẹ́ẹ̀mejì lọ ṣe ìjọba láàárín àwọn Ìgbò. Àwọn tó ń sọ pé kí olúkúlùkù máa ṣe tirẹ̀ ní agbègbè tirẹ̀ rí ẹ̀rí tí wọ́n ń wá. Ní ti Adédoyin, ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn Ọlọ́pẹ nígbà tó yá, òun sì ni agbọ̀rọ̀sọ ilé aṣòfin Ìbàdàn ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1962, nígbà tí àwọn aṣòfin ń sọ àga lu ara wọn.

Ìpàdé Lọ́ńdọ̀nù ní 1953 yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì sọ ọ́ di olú-ìlú tí kò sí lábẹ́ agbègbè kankan. Awólọ́wọ̀ gbaná jẹ. Ó tẹ wáyà sí Lọ́ńdọ̀nù pé Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́tọ̀ọ́ láti yapa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fèsì pé bí wọ́n bá dán an wò, àwọn máa kà á sí ọ̀tẹ̀. Èkó kúrò.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1959, níbi ìbò tó ṣáájú òmìnira, àga Èkó tún padà sí mẹ́ta. Nínú 312 ni wọ́n wà báyìí. NCNC gba méjì, Ọlọ́pẹ gba ẹyọ kan. Obìnrin Èkó dìbò lọ́jọ́ náà, nígbà tí àwọn obìnrin Àríwá kò tíì lẹ́tọ̀ọ́. Benson, ọmọ Ìkòròdú, di mínísítà ètò ìròyìn. Ìbò tó tẹ̀ lé e, ti ìparí 1964, di wàhálà: NCNC àti Ọlọ́pẹ tó ti dara pọ̀ báyìí ní kí àwọn ènìyàn wọn má jáde, oṣù Kẹta 1965 sì ni Èkó tó padà dìbò. Kò pé ọdún kan tí àwọn sójà fi dé.

Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1967. Nígbà tí ìbò padà ní 1979, àga 12 ló ní ní ilé aṣojú-ṣòfin, UPN ti Awólọ́wọ̀ sì gba gbogbo rẹ̀. Lónìí 24 ni wọ́n. Erékùṣù Èkó, ìlú tí Macaulay ń darí láti òpópónà Balbina, ní méjì nínú wọn. Ní ti ìbéèrè àtijọ́ yẹn, ta ló láṣẹ láti fa ènìyàn kalẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣe Òfin Ìdìbò ní 2022, wọ́n fi abala ọ̀tọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún bí ẹgbẹ́ ṣe máa fa olùdíje kalẹ̀: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, tàbí kí àwọn aṣojú wọn dìbò, tàbí kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí ẹnìkan. Bó bá jẹ́ ti ìfohùnṣọ̀kan, òfin náà sọ nígbà náà pé gbogbo ẹni tí ẹgbẹ́ ti yẹ̀ wò tó sì fẹ́ díje gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn yọ̀ǹda àga náà tinútinú, kí wọ́n sì gbà pé ẹni yẹn làwọn fọwọ́ sí.